Ẹ̀bùn Tó Kù Díẹ̀ Kó Bàjẹ́

 

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn Islam, ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 2021, wọ́n kó abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn Kòrónà lọ sí ààtàn kan ní Gosa, ní Àbújá, katakata sì gun orí wọn, ó tẹ̀ wọ́n rẹ́. Iye wọn jẹ́ 1,066,214. Ọjọ́ lílò wọn ló ti kọjá. Gbangba ni ìjọba ti ṣe é, níwájú àwọn oníròyìn, kí ará ìlú lè fọkàn balẹ̀ pé kò sí ẹni tí wọn yóò fi èyí tó ti bàjẹ́ gún. Èmi àti díẹ̀ nínú àwọn ọmọ ilé-kéwú mi la jọ wo àwòrán rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Áàfáà, ṣé kì í ṣe abẹ́rẹ́ yìí kan náà ni wọ́n ní kò kárí ní ìjelòó? Ẹ̀ṣẹ̀ ta wá ni èyí tí wọ́n dà nù?"

N kò rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ní kó lọ wo wàláà rẹ̀. Ọdún ti gorí ọdún, ìbéèrè náà kò sì kúrò lọ́kàn mi, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ eléyìí.

Ẹ jẹ́ ká rántí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ìyá arúgbó ẹni 90 ọdún kan ní ìlú Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba abẹ́rẹ́ náà, tí gbogbo ayé ń wò ó. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 18 oṣù Kíní ọdún 2021, ọ̀gá Àjọ Ìlera Àgbáyé, Tedros Adhanom Ghebreyesus, kéde pé abẹ́rẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù 39 ni àwọn orílẹ̀-èdè olówó bíi 49 ti fi gún àwọn ènìyàn wọn, pé orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo láàárín àwọn tó tòṣì jù lọ ló rí i gbà, èèyàn 25 péré ni wọ́n sì fún níbẹ̀. Ẹ má kà á ní 25,000 o. Èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, tí kò tó ẹni tí yóò kún sáàfù méjì ní mọ́sálásí àdúgbò wa.

Kì í ṣe pé wọn kò rò ó tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2020 ni wọ́n ti dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní COVAX. Bí àjọ ló rí: kí olówó àti tálákà dáwó jọ sínú àpò kan, kí wọ́n fi ra abẹ́rẹ́, kí wọ́n sì pín in kárí ayé. Bílíọ̀nù 2 ni wọ́n ní àwọn yóò pín kí ọdún 2021 tó parí. Ṣùgbọ́n kí àpò náà tó kún, àwọn olówó ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ bá àwọn tó ń ṣe abẹ́rẹ́ náà, wọ́n ti sanwó sílẹ̀. Èyí tí ilẹ̀ Kánádà nìkan bá wọn ṣàdéhùn lé lórí tó gún gbogbo ará ìlú wọn ní ìgbà mélòó kan. Ilé-iṣẹ́ Serum ní Íńdíà ni COVAX gbójú lé jù. Ní òpin oṣù Kẹta ọdún 2021, àrùn náà tún ru gùdù ní Íńdíà fúnra rẹ̀, wọ́n sì dá abẹ́rẹ́ dúró sílé. Oṣù Kíní ọdún 2022 ni àpapọ̀ èyí tí COVAX pín tó pé bílíọ̀nù 1.

Ní ti wa ní Nàìjíríà, ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 2021 ni àkọ́kọ́ dé sí Àbújá, kò pé mílíọ̀nù 4, fún àwa tí a lé ní igba mílíọ̀nù ènìyàn. Kí ó má baà di pé ẹni tó gba ẹ̀ẹ̀kan kò ní rí ẹ̀ẹ̀kejì gbà, ìjọba ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá a dúró tí wọ́n bá ti lo ìdajì. Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni ti ilẹ̀ South Africa. Ní ọdún 2021 yìí kan náà, ilé-iṣẹ́ kan wà ní Gqeberha tó ń rọ abẹ́rẹ́ sínú ìgò, a sì rí nínú èyí tí wọ́n rọ níbẹ̀ tí wọ́n kó lọ sí ilẹ̀ Yúróòpù. Inú ọgbà wa ni wọ́n ti ro ẹ̀kọ, ará ibòmíràn ló mu ún.

Nígbà tó wá di apá ìparí ọdún náà, ẹ̀bùn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ dé. Àwọn tó ti rà jù bẹ̀rẹ̀ sí í fi èyí tó ṣẹ́ kù ta wá lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ ló jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló kù kí ọjọ́ rẹ̀ pé. Wọn kì í sì í sọ fún ni tẹ́lẹ̀ pé ó ń bọ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà oko wa, tó mọ bí iná mànàmáná wa ṣe ń ṣe, yóò mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kò tó láti gbé ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú fíríìjì láti Àbújá títí dé abúlé. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, àwọn tó ń bójú tó ètò náà fún ilẹ̀ Áfíríkà àti COVAX fúnra rẹ̀ jáde sọ ọ́ pé kí ohun tí wọ́n bá máa fi tọrẹ ó ní, ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ 10 lára kó tó dé. Ní oṣù Kejìlá, Nàìjíríà ní òun kò gba irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ Màláwì ti dáná sun 19,610 tirẹ̀ láti oṣù Karùn-ún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ lọ ka ohun tí àwọn onímọ̀ sọ nípa ìdí tí āyah 267 nínú Suratul Bakara fi sọ̀ kalẹ̀. Àwọn Ansar tí wọ́n ní oko dàbínù a máa gé ṣíríì rẹ̀ wá sí mọ́sálásí Ànábì, wọ́n á fi kọ́ sáàárín òpó kí àwọn tálákà tó ń sùn níbẹ̀ lè máa rí nǹkan jẹ. Àwọn kan nínú wọn wá ń mú èyí tó ti gbẹ, èyí tí kò dára, wá kọ́ mọ́ èyí tó dára. Ọlọ́run sì kọ̀ fún wọn, Ó ní kí wọ́n má ṣe ṣa èyí tí kò sunwọ̀n fi ṣe sàráà, nígbà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá kó irú rẹ̀ wá fún àwọn náà, àfi kí wọ́n dijú kí wọ́n tó gbà á.

Ẹ wo ìwọ̀n tí Ọlọ́run fi wọ̀n ọ́n. Kò ní ká wo bí ohun náà ṣe pọ̀ tó. Ó ní ká wò ó bóyá àwa náà á gbà á. Ìbéèrè tèmi ni pé, àwọn ará Kánádà tàbí ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹnì kan bá kó abẹ́rẹ́ tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó bàjẹ́ fún wọn láìsọ tẹ́lẹ̀, ṣé wọ́n á gbà á láì dijú?

Ẹnì kan lè dá mi lóhùn pé kò sí baba tí kì í kọ́kọ́ bọ́ ọmọ tirẹ̀. Àwa Yorùbá náà sọ ọ́: bí iná bá ń jó ni, tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Òótọ́ ni, n kò bá ẹni tó kọ́kọ́ gún ìyá rẹ̀ arúgbó lábẹ́rẹ́ jà. Ṣùgbọ́n "kọ́kọ́" ni òwe náà wí. Kò ní pé tí tara rẹ bá ti kú tán kí o jókòó lé omi náà, kí o máa wo ọmọ ẹlòmíràn nínú iná. Ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le ní ìlú kan ń gba ẹ̀ẹ̀kẹta, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú aláìsàn ní ìlú mìíràn kò tí ì gba ẹyọ kan. Ibẹ̀ ni mo rò pé ẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́. Síbẹ̀, ká má ṣe jẹ́ aláìmoore: ọ̀fẹ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a rí gbà, owó ẹlòmíràn ni wọ́n sì fi rà á.

A tún gbọ́dọ̀ bi ara wa pé kí ló sọ wá di ẹni tó ń na ọwọ́. Láti bí ọdún 1940 ni ilé-iṣẹ́ ìjọba kan ti wà ní Yábàá, ní Èkó, tó ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ìgbóná, ti ibà pọ́njú àti ti dìgbòlugi. Ní ọdún 1991 ni wọ́n tì í pa, wọ́n ní àwọn fẹ́ tún un ṣe. Nígbà tí Kòrónà dé ní 2020, wọn kò tí ì tún un ṣe. Ọkọ̀ òfurufú kankan kò gbé èyí wá bá wa. Àwa la ṣe é.

Ọ̀rọ̀ wá délé wàyí. Lóòótọ́, ẹ̀bùn náà pẹ́ kó tó dé, ṣùgbọ́n nígbà tó dé, ṣé a tò fún un? Ẹ ò gbàgbé ohun tí a ń gbọ́. Wọ́n ní irin òòfà ń lẹ̀ mọ́ apá ẹni tó gbà á. Wọ́n ní ọdún méjì ni onítọ̀hún yóò lò láyé. Àwọn áàfáà kan sọ ọ́ lórí mínbárì, mo gbọ́ ọ létí ara mi.

N kò ní sọ pé ìfura náà kò ní gbòǹgbò. Ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa ọmọ ní Kánò, ilé-iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé níbẹ̀. Nínú ọmọ bíi 200 tó wà nínú ìdánwò náà, 11 kú. Ilé-iṣẹ́ náà ní àrùn ló pa wọ́n, wọ́n ṣẹjọ́ títí, ní ọdún 2009 wọ́n parí rẹ̀ pẹ̀lú ìjọba Kánò lórí mílíọ̀nù 75 dọ́là, láì gbà pé àwọn jẹ̀bi. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí yóò sá fún okùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí sísá náà gbé wọn dé. Ní ọdún 2003 wọ́n dá oògùn àrùn rọpárọsẹ̀ dúró ní Kánò fún oṣù púpọ̀, àrùn náà sì rìn kúrò níbẹ̀ dé àwọn ilẹ̀ mìíràn, ó dé ilẹ̀ Indonesia pàápàá ní 2005. Àwọn ọmọ Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tó di arọ. Ọdún 2020 ni wọ́n tó kéde pé àrùn náà ti kúrò nílẹ̀ Áfíríkà.

Àwọn kan ní Ọlọ́run ni àwọn gbára lé. Sayyidina Umar náà gbára lé E. Nígbà tó ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù tó dé Sargh, tí wọ́n sọ fún un pé àjàkálẹ̀ àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ níwájú, ó ní kí wọ́n padà. Abu Ubaydah bi í bóyá kádàrá Ọlọ́run ló ń sá fún. Ó dá a lóhùn pé kádàrá Ọlọ́run làwọn ń sá kúrò nínú rẹ̀ bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́run. Àárín àwọn tó gbọ́n jù lọ nínú wa ni ọ̀rọ̀ yìí ti wáyé, wọn kò sì pe ara wọn ní kèfèrí. Mo tún fẹ́ rán wa létí pé láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni àwọn Alájì wa ti ń gba abẹ́rẹ́ yírùnyírùn kí wọ́n tó lọ Mẹ́kà, kò sí ẹni tó ń sọ pé irin òòfà lẹ̀ mọ́ òun. Nígbà tí ilẹ̀ Saudi ní ọdún 2022 pé ẹni tó bá máa ṣe Hájì gbọ́dọ̀ ti gba ti Kòrónà, àwọn tó ti búra pé láéláé ni mo rí tí wọ́n ń bẹ nọ́ọ̀sì.

Èyí tó burú jù lójú mi ni káàdì rírà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ní láti ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 2021 òṣìṣẹ́ òun gbọ́dọ̀ mú káàdì wá tàbí èsì àyẹ̀wò, àbúrò mi kan lọ ra káàdì láìgba abẹ́rẹ́. Ó fi hàn mí tẹ̀rín-tẹ̀rín. Mo bi í pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó wà lápá rẹ̀ ńkọ́? Ó ní wọ́n á ti dà á nù. Oṣù yẹn gan-an ni katakata lọ sí Gosa.

Bí mo bá wá dákẹ́ síbí, n kò tí ì dá ọmọ kéwú mi lóhùn. Ìyá kan wà tó ń ta ẹ̀kọ nítòsí ilé-kéwú wa, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, lẹ́yìn àsálátù, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Áàfáà ọmọ mi," ló wí, "wọ́n ní abẹ́rẹ́ ti dé sí ọsibítù. Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé méjèèjì. Ṣé kí n lọ gbà á?"

Mo ti kà nípa rẹ̀. Mo mọ ohun tí Ànábì sọ nípa wíwá ìwòsàn. Ṣùgbọ́n áàfáà kan tó jù mí lọ nínú ẹgbẹ́ wa ti bú abẹ́rẹ́ náà ní wàásù ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, n kò sì fẹ́ kí wọ́n ní mo ta kò ó. Mo ní, "Ọlọ́run ló mọ̀ jù, Màmá. Ẹ jẹ́ ká máa wò ó ná." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Èmi fúnra mi lọ gbà á ní ọ̀sẹ̀ yẹn láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ọkàn mi ń dà mí láàmú, tí mo padà lọ sọ fún un pé kó lọ, wọ́n ti dá ẹni tuntun dúró. Ó rìn dé ọsibítù lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kó padà wá. Ní oṣù Keje ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, kò sì pé ọjọ́ mẹ́wàá tó fi jáde láyé. Kò sẹ́ni tó ṣe àyẹ̀wò fún un, nítorí náà n kò lè sọ pé Kòrónà ló pa á. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ ni abẹ́rẹ́ mílíọ̀nù 4 dé láti Amẹ́ríkà.

Ọmọ kéwú tó bi mí léèrè yẹn ti di géńdé, yóò ka èyí. Kó mọ̀ pé mo ka ara mi mọ́ àwọn tó ń bi léèrè. Kí Ọlọ́run kẹ́ Màmá, kí Ó fẹ ibojì rẹ̀, kí Ó sì forí èsì tí mo fún un jìn mí.