Àjogúnbá Kì í Ṣe Ẹ̀bi

Bí a bá jogún ohun kan lọ́dọ̀ àwọn òbí wa láìbéèrè, tí àwọn náà sì fi lé wa lọ́wọ́ láìmọ̀, ta ni a lè dá lẹ́bi rẹ̀? Ìbéèrè yìí ń wọ inú ilé wa, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́, ní òru tí ara ọmọ bá gbóná, tí ojú rẹ̀ yí sókè, tí tọwọ́-tẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Gìrì ti mú un. Kí ilẹ̀ tó mọ́, a ti ń wá ẹni tí ó fà á.

Àwọn àgbà ní: "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Ó yẹ kí a yẹ ìdájọ́ inú òwe yìí wò. Pé ohun kan ṣáájú òmíràn kò fi hàn pé òun ni ó bí i. Irú èrò báyìí ni a fi ń dá ìyá arúgbó tàbí orogún lẹ́bi ohun tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀.

Kí ni a mọ̀? Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, nínú 100 ọmọ, bíi 2 sí 5 ni gìrì ibà máa ń mú, láàárín oṣù 6 sí ọdún 5. Ibà ń ṣe gbogbo ọmọ, gìrì kì í sì í mú gbogbo wọn. Àbùdá tí a jogún wà lára ohun tí ó fa ìyàtọ̀ náà. Àwọn ìbejì jẹ́rìí sí i: bí ó bá mú ọ̀kan nínú àwọn tí ó ti inú ẹyin kan ṣoṣo wá, ó máa ń mú èkejì ju ti àwọn tí ẹyin wọn jẹ́ méjì lọ. Ní 1997, Ingrid Scheffer àti Samuel Berkovic, ní Australia, ṣàpèjúwe ìdílé ńlá kan tí gìrì ibà ń tọ̀ láti ìran dé ìran. Àbùdá kan náà ni, síbẹ̀ gìrì ibà lásán ni ti ẹlòmíràn, ti ẹlòmíràn sì di warápá.

Ṣùgbọ́n ewu mìíràn wà níbẹ̀. Bí a bá kúrò lẹ́yìn àjẹ́, a lè bọ́ sẹ́yìn ẹ̀jẹ̀: "Ìdílé ìyá rẹ̀ ni ó ti wá." Nígbà náà, ìdílé tí ó ń wá ọkọ fún ọmọ rẹ̀ yóò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún àwọn tí ó wá ṣe ìwádìí. Nígbà tí oníṣègùn bá sì bèèrè pé, "Ǹjẹ́ ó ti ṣẹlẹ̀ rí nínú ilé yín?", gbogbo ẹnu yóò pa mọ́. Ọmọ ni yóò jìyà ìdákẹ́jẹ́ náà.

Ẹnìkan lè ní, bí kò bá sí ẹlẹ́bi, a jẹ́ pé àmúwá Ọlọ́run ni, kí a káwọ́ gbera. Rárá o. Ẹ̀bi ń wo ẹ̀yìn. Ojúṣe ń wo iwájú. Ẹni tí ó mọ̀ pé gìrì wà nínú ìdílé rẹ̀ ní ojúṣe láti sọ ọ́ fún aya ọmọ rẹ̀ kí ìjayà tó dé. Kí a fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀. Kí a má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí a má rọ àgbo tàbí ìtọ̀ màlúù sí i lọ́nà ọ̀fun, kí a má na ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú iná. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú 5 lọ, kí a sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ó tilẹ̀ dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀, kí a gbé e lọ síbẹ̀, nítorí ní ilẹ̀ wa, ibà ẹ̀fọn tàbí àrùn yírùnyírùn lè wà lẹ́yìn rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí gìrì ibà lásán mú ni yóò dàgbà kúrò nínú rẹ̀ láìsí àbùkù.

A kò yan ẹ̀jẹ̀ tí ó wà nínú iṣan wa, a kò sì yan èyí tí a fi fún àwọn ọmọ wa. Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ fún wọn nípa rẹ̀, tàbí èyí tí a bá fi pamọ́, ni a ó jíhìn fún.