Ta Ni Olódo: Ọmọ Ni Tàbí Àwa Tí A Ń Kọ́ Ọ?



Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, láti ara ohun tí èmi fúnra mi ṣe ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Tíṣà ni mí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mò ń kọ́ kíláàsì karùn-ún ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, ọmọkùnrin kan sì wà níbẹ̀ tí mo ti kà mọ́ àwọn olódo. Bí mo bá bi í ní ìbéèrè, ńṣe ni yóò sorí kọ́. Lásìkò ìdánwò, mo fún wọn ní ìṣirò kan lédè Òyìnbó: ọlọ́jà kan ta ọjà 8,000 náírà, ó sì gbọ́dọ̀ san ìdá méjì àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ní kọ̀míṣàn, èló ni yóò san? Ọmọ yìí kò kọ nǹkan kan ju orúkọ rẹ̀ lọ. Mo fún un ní òdo, mo sì fi bíírò pupa fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé e, mo yà sí ilé kéwú tí ó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa. Àfáà ń kọ́ àwọn ọmọ nípa sàká. Ó bi wọ́n pé, "Ẹni tí ó ní mílíọ̀nù mẹ́jọ náírà, tí ọdún yí po lé e lórí, èló ni yóò yọ?" Àwọn yòókù ṣì ń ronú nígbà tí ọmọ kan nawọ́. "Àfáà, ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà ni." Àfáà ní báwo ni ó ṣe mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Mo pín in sí mẹ́rin, ó di mílíọ̀nù méjì. Mo wá pín ìyẹn sí mẹ́wàá."

Olódo mi ni! Ìdá kan nínú ogójì tí a ń yọ fún sàká, òun náà ni ìdá méjì àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Ìṣirò tí mo fún un ní òdo lé lórí ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ni ó ṣe lójú mi yìí, láìmú bíírò.

Lọ́jọ́ Ajé mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní kí ló dé tí kò fi kọ ìdáhùn. Ó ní, "Ẹ má bínú sà, n kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kọ̀míṣàn. Mo rò pé orúkọ ọjà tí ó ń tà ni." Ẹ̀yin ará mi, ìyá ọmọ yìí ń bá àwọn oníṣu tajà, làáàdà tí ó ń gbà lórí rẹ̀ ni ó fi ń bọ́ wọn nílé. Ọmọ tí ó ń jẹ oúnjẹ làáàdà láàárọ̀ lálẹ́ ni mo sọ pé kò mọ ìṣirò làáàdà.

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan kò ti jẹ́ kí n sinmi. Bí a bá fi èdè tí ọmọ kò gbọ́ bi í ní ohun tí ó mọ̀, tí a wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò mọ̀ ọ́n, kí ni orúkọ ohun tí a ṣe? Ṣé àṣìṣe ni, tàbí àbòsí?

Àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tí ó ń fi òṣùwọ̀n tí kò pé wọn gààrí, tí kò sì mọ̀ pé kò pé, àṣìṣe ni ó ń ṣe. Ẹni tí a ti fi hàn gbangba pé òṣùwọ̀n rẹ̀ kò pé, tí ó tún gbé e padà sórí àtẹ, ìyẹn ti kúrò ní àṣìṣe. Gbogbo wa ni a mọ bí ẹ̀sìn wa ti kórìíra àdínkù òṣùwọ̀n tó. Odidi súrà kan, Suuratul-Mutaffifiin, ni ó ń jẹ́ orúkọ àwọn tí ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ọjà nìkan ni a máa ń rò ó sí. Ìdánwò náà òṣùwọ̀n ni. Káàdì tí a ń fi ránṣẹ́ sí òbí lópin sáà, òṣùwọ̀n ni. Nítorí náà, ẹyọ ohun kan ṣoṣo ni a ní láti wádìí: ǹjẹ́ a ti fi hàn wá pé tiwa kò pé?

A ti fi hàn wá, ó sì ti lé ní ogójì ọdún.

Ní ọdún 1970, àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tí ó di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé ìwé St. Stephen's 'A' ní Mọ́dákẹ́kẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Bàbátúndé Fáfúnwá ni ó ṣáájú wọn, ọmọ Èkó, mùsùlùmí bíi tiwa, ẹni tí ó kọ́kọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà. Ó di olóògbé ní 2010, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ. Ford Foundation ti Amẹ́ríkà ni ó fi owó ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́.

Bí wọ́n ṣe ṣe é kò ṣòro láti yé. Àṣà àwọn ilé ìwé wa nígbà náà ni pé kí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́ta, kí wọ́n wá yí gbogbo ẹ̀kọ́ sí Òyìnbó ní kíláàsì kẹrin, bí ìgbà tí a bá gba ọ̀pá lọ́wọ́ arìnrìn-àjò ní àárín odò. Àwọn ará Ifẹ̀ fi apá kan nínú àwọn ọmọ sílẹ̀ lórí àṣà yìí. Apá kejì, wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ìbágbépọ̀ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Wọn kò pa Òyìnbó tì o. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ náà ní Òyìnbó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan láàyè ara rẹ̀, láti ọwọ́ olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú.

Ẹ fojú inú wo bí làálàá náà ti pọ̀ tó. Ìwé sáyẹ́ǹsì kíláàsì kẹfà lédè Yorùbá kò sí lórí igbá, àwọn ni wọ́n jókòó kọ ọ́. Orúkọ àwọn nǹkan kan kò sí, wọ́n wá a. Ọ̀rọ̀ yìí rán mi létí àwọn tí ó máa ń sọ pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tó fún ìmọ̀ òde òní. Ẹ bá mi bi wọ́n, níbo ni a ti rí àlàáfíà, fìtílà, sánmà àti àlùbọ́sà? Inú èdè Lárúbáwá ni wọ́n ti wá, àwọn mìíràn sì gba ọ̀dọ̀ Haúsá kọjá kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. A yí wọn sí ohùn wa, lónìí ìyá tí ó ń gé àlùbọ́sà sínú ata kò mọ̀ pé àlejò ni. Èdè tí ó gba àlùbọ́sà sílé kò lè kọ ohun tí ń bẹ nínú sáyẹ́ǹsì. Ní 1984 àti 1990 pàápàá, àwọn onímọ̀ èdè gbé ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde ní apá méjì, kí olùkọ́ má bàa wí àwáwí.

Ìwádìí náà parí ní 1978, ìwé tí ó sọ gbogbo rẹ̀ sì jáde ní 1989. Àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ nínú àwọn ẹ̀kọ́ náà. Ìyẹn lè má ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Èyí tí ó yẹ kí ó yà wá lẹ́nu ni pé nínú Òyìnbó gan-an, wọn kò rẹ̀yìn sí àwọn tí a fi Òyìnbó kọ́ ní ohun gbogbo láti kíláàsì kẹrin.

Àwọn kan ṣe àríwísí rẹ̀, ó sì tọ́ kí a gbọ́ tiwọn. Wọ́n ní àwọn ọmọ Ifẹ̀ rí ìwé tuntun, wọ́n rí olùkọ́ Òyìnbó tí ó dáńtọ́, àti pé bóyá ìwọ̀nyí ni ó gbé wọn lékè, kì í ṣe Yorùbá. Ó ṣeé ṣe kí òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ìyẹn wá fi kọ́ wa? Ó fi kọ́ wa pé ìwé rere àti olùkọ́ rere ni ó ń fún ọmọ ní Òyìnbó, àti pé Yorùbá tí a fi kọ́ ọ ní ìṣirò kò ba Òyìnbó rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀rù tí ó ń ba àwọn òbí ni èyí já ní irọ́.

Ẹ̀rù náà sì wà lóòótọ́, n kò ní fi ṣeré. Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ́jọ́ kan. Ó gbọ́ mi dópin, ó ní, "Àbúrò mi, ọmọ tìrẹ ńkọ́? Èdè wo ni wọ́n fi ń kọ́ ọ níbi tí ò ń sanwó sí?" Mo dákẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ti kàwé ní yunifásítì, ẹ ó gbé ọmọ yín lọ sí ilé ìwé Òyìnbó, ẹ ó wá ní kí ọmọ èmi tí mo ń ta ata máa fi Yorùbá kàwé. Nígbà tí wọ́n bá dé iwájú agbanisíṣẹ́, ta ni wọn yóò mú?"

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: n kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Òótọ́ ni pé Òyìnbó ni ó wà lẹ́nu ọ̀nà iṣẹ́ ní ìlú wa, òótọ́ sì ni pé bí a bá fi Yorùbá sílẹ̀ fún ọmọ tálákà nìkan, àbòsí mìíràn ni a dá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo rò ó. Ẹ̀gbọ́n mi ń fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gbọ́ Òyìnbó. Ohun tí ilé ìwé ọmọ rẹ̀ ń fún un ni pé kí ó máa fi èdè tí kò tíì gbọ́ kọ́ ohun tí kò tíì mọ̀, láti ẹnu olùkọ́ tí Òyìnbó tirẹ̀ náà ń kọsẹ̀. Ọmọ náà yóò jáde láìní ìṣirò, láìní Òyìnbó, Yorùbá rẹ̀ yóò sì ti ṣá. Ní tèmi, kì í ṣe ìmọ̀ ni mo tẹ̀lé tí mo fi gbé ọmọ mi lọ síbẹ̀. Ẹ̀rù ni. Mo mọ ohun tí Ifẹ̀ sọ, ẹ̀rù sì bà mí láti dá nìkan tẹ̀lé e.

Bóyá irú ẹ̀rù kan náà ni ó ń da ìjọba wa láàmú. Ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti 1977 sọ pé èdè abínibí ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Fáfúnwá fúnra rẹ̀ di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990. Ní ìparí oṣù Nofẹ́ńbà 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a fi èdè abínibí kọ́ni fún gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní Nofẹ́ńbà 2025, mínísítà mìíràn kéde pé a ti fagi lé e, pé Òyìnbó ni láti ìpìlẹ̀ dé yunifásítì, nítorí pé àwọn ibi tí a ti ń lo èdè abínibí ni ọmọ ti ń kùnà ní WAEC, NECO àti JAMB. N kò pe ẹnikẹ́ni ní aṣebi. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ọmọ tí ó ṣe WAEC ní 2025, ọdún wo ni ó jáde ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀? Ó ti jáde kí ètò 2022 tó dé. Báwo ni ètò tí kò kan án ṣe wá jẹ̀bi ìkùnà rẹ̀?

Àwa oníkéwú náà kò mọ́ pátápátá. Bí àfáà bá ń tú kéwú, tí ọmọ ń ka Lárúbáwá ní ìpín-ìpín, tí òun ń sọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá, ohun tí àwọn ará Ifẹ̀ ṣe ni ó ń ṣe, ó sì ti ń ṣe é tipẹ́ kí yunifásítì kankan tó wà nílẹ̀ yìí. Ìdí nìyẹn tí ọmọ mi fi mọ sàká. Ṣùgbọ́n ilé kéwú mélòó ni ọmọ ti ń ké ohùn sókè fún ọdún mẹ́rin, tí a sì ń nà án bí ó bá ṣi ohùn kan, tí kò sí ẹni tí ó sọ fún un rí pé ohun báyìí ni ò ń kà?

Ọmọ Ògù ní Badagry àti ọmọ Haúsá ní Sábó Ìbàdàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí a bá ní dandan ni kí àwọn náà fi Yorùbá kàwé, òṣùwọ̀n tí kò pé náà ni a gbé fún wọn, Yorùbá ni a kàn kọ sí i lára. Ọ̀rọ̀ wọn le ju tiwa lọ, ìwé tí a kọ ní èdè wọn kò pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní yunifásítì tí ẹ ń wá àkòrí fún iṣẹ́ àṣekágbá yín, iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀. Kò sì ní burú kí ẹnì kan tún iṣẹ́ Ifẹ̀ ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọ òde òní tí ń pa èdè méjì pọ̀ nínú gbólóhùn kan.

Ọmọ mi ọ̀hún ńkọ́? Mo lọ bá ọ̀gá ilé ìwé, mo ní kí a jẹ́ kí n tún ìdánwò náà bi í ní Yorùbá. Wọ́n ní èsì ti wọ inú ìwé. Òdo náà àti àwọn mìíràn tí ó jọ ọ́ ni ó mú kí ó tún kíláàsì karùn-ún kà. Lọ́jọ́ tí a pín káàdì, bàbá rẹ̀ wá bá mi, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bí ó tilẹ̀ jù mí lọ, ó dúpẹ́ pé mo ń gbìyànjú lórí ọmọ òun tí orí rẹ̀ kò jí. Mo ní kò tọ́pẹ́. N kò sọ nǹkan mìíràn fún un, títí wọ́n fi kó kúrò ní àdúgbò wa.