Ara Aláìsàn, Ilé Tí A Ń Tọrọ Ìyọ̀ǹda Kí A Tó Wọ̀



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ń bo àṣírí ẹrú Rẹ̀. Kí ikẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì wa Muhammad.

Nínú Súrà Nuur, orí 24, ẹsẹ 27 àti 28, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti wọ ilé onílé láìtọrọ ìyọ̀ǹda. Bí wọ́n bá sì ní kí a padà, kí a padà ni. Bí ilé tí a fi amọ̀ kọ́ bá ní ọ̀wọ̀ tó báyìí, ara ọmọ ènìyàn ńkọ́?

Ẹ wo obìnrin tí ó bọ́ aṣọ kí dókítà lè wo egbò ọyàn rẹ̀. Ìtọ́jú ni ó yọ̀ǹda. Bí dókítà bá fẹ́ ya fọ́tò egbò náà, kí ó tọrọ ìyọ̀ǹda mìíràn. Bí ó bá fẹ́ fi fọ́tò náà kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tàbí kí ó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, ìyọ̀ǹda kẹta nìyẹn. Bí obìnrin náà bá kọ̀, ìtọ́jú rẹ̀ kò gbọdọ̀ yàtọ̀.

Àwọn kan á ní, "Ṣebí a ti fi dúdú bo ojú rẹ̀." Kò tó. Ilà àti àpá ara ń sọ ẹni tí èèyàn jẹ́. Òfin Ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 pàápàá ka ọ̀rọ̀ aláìsàn sí àṣírí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì, àmánà ni aláìsàn lọ́wọ́ yín, ìbáà ṣe Mùsùlùmí tàbí ẹlẹ́sìn mìíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ aláìsàn wò, sunnah lẹ ń ṣe. Ṣùgbọ́n kí ẹ ya ẹni tí ó dákú lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé àdúrà lẹ ń tọrọ fún un, ìyẹn kì í ṣe sunnah. Ẹni tí kò lè fọhùn kò tíì yọ̀ǹda. Ẹ dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà; Ọlọ́hun kò nílò fọ́tò kí Ó tó mọ̀ ọ́n. Ẹyin ni fọ́tò: bó bá ti fọ́, kò ṣe é kó mọ́.

Ojoojúmọ́ là ń bẹ Ọlọ́hun kí Ó má tú àṣírí wa. Ànọ́bì sì kọ́ wa pé ẹni tí ó bá bo àṣírí Mùsùlùmí, Ọlọ́hun yóò bo tirẹ̀ lọ́jọ́ Àjíǹde. Ẹ jẹ́ ká bo ti aláìsàn, kí ẹnu wa lè gba àdúrà yẹn.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, kí Ó sì bo gbogbo wa láṣìírí. Àmín.