Àníyàn Ìgbìmọ̀: Ẹ̀yẹ, Ẹ̀rí àti Iṣẹ́ Ẹgbẹ́

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ẹlẹ́sìn àti àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí ti ń gbé yẹ̀ wò láti ayébáyé, ìyẹn ni pé ṣé iṣẹ́ rere ṣì ń jẹ́ rere nígbà tí ẹni tó ń ṣe é bá ti ń wo ẹ̀yẹ tí yóò tìdí rẹ̀ yọ. Ìbéèrè náà kò mọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, nítorí ó máa ń yọjú lọ́dọọdún láàárín àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ oníṣẹ́-ìmọ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ tí àwọn tó kọ́ṣẹ́ kan náà dá sílẹ̀, nígbà tí àsìkò bá tó láti du àmì-ẹ̀yẹ ẹ̀ka tó ta yọ. Ẹ̀ka àwọn akẹ́kọ̀ọ́ IEEE ní Yunifásítì Èkó, ní Àkọkà lágbègbè Yábàá, wà lára àwọn tí ìbéèrè yìí kàn. IEEE ni ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná àti kọ̀ǹpútà, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1963 nígbà tí ẹgbẹ́ méjì, ọ̀kan ti 1884 àti ọ̀kan ti 1912, para pọ̀ di ọ̀kan. Lára àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀ ni èyí tí wọ́n fi orúkọ Darrel Chong pè, tí wọ́n ń fún ẹ̀ka akẹ́kọ̀ọ́ nítorí ètò tí wọ́n ṣe dáadáa.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé irú àmì-ẹ̀yẹ bẹ́ẹ̀ kì í dédé wá bá ẹ̀ka nílé. Ẹ̀ka ni yóò kọ ìròyìn iṣẹ́ ara rẹ̀, tí yóò sì fi ẹ̀rí tì í lẹ́yìn. Yorùbá mọ rírì ìyìn, wọ́n ní yinni-yinni kí ẹni ṣe òmíràn, ṣùgbọ́n nínú òwe náà, ẹnu tó ń yinni kì í ṣe ẹnu ẹni tí à ń yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni oríkì, tí orí ẹni tí wọ́n ń kì a wú, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ahọ́n ẹlòmíràn ló ń ṣiṣẹ́. Fọ́ọ̀mù ìdíje dorí ètò yìí kodò. Aristotle, onímọ̀ ọgbọ́n orí ilẹ̀ Gíríìsì, ti sọ pé ọwọ́ ẹni tó ń fúnni níyì ni iyì wà ju ọwọ́ ẹni tó ń gbà á lọ, àti pé àwọn èèyàn ń lépa rẹ̀ kí ó lè dá wọn lójú pé ẹni rere ni wọ́n. Apá kejì ọ̀rọ̀ yìí ló bá ìgbìmọ̀ tó ń darí ẹ̀ka mu jù, torí ìgbìmọ̀ tí iṣẹ́ ara rẹ̀ kò dá lójú ló sábà máa ń fi ojú méjèèjì wá àmì-ẹ̀yẹ.

Nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, riyā ni ẹ̀ṣẹ̀ fífi ìjọsìn tàbí oore ṣe àṣehàn, èyí tí Yorùbá ń pè ní ṣekárími. Hadith, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ànábì, tó ṣáájú nínú àkójọ Bukhari fi àníyàn, ìyẹn ohun tí ọkàn ti pinnu kí ọwọ́ tó ṣe é, ṣe òṣùwọ̀n iṣẹ́. Nínú Ìhìnrere Mátíù, orí 6 kọ̀ fún olùfúnni kí ó máa fun fèrè síwájú ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ orí 5 ti kọ́kọ́ ní kí àwọn èèyàn rí iṣẹ́ rere onígbàgbọ́, kí wọ́n lè yin Bàbá tó ń bẹ lọ́run. Kò sì sí ibi ìsápamọ́ fún ẹni tó bá ní òun kò ní du nǹkan kan rárá: Fudayl ibn Iyad, onímọ̀ Ìsìláàmù tó kú ní 803, kọ́ni pé fífi iṣẹ́ rere sílẹ̀ nítorí ojú ènìyàn, riyā ni òun náà. Ìgbìmọ̀ tó bá yẹra fún ìdíje kí wọ́n má bàa pè é ní aláṣehàn, ojú ènìyàn ló ṣì ń darí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọkàn ẹnìkan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ń bá wí, ọkàn ìgbìmọ̀ kì í sì í ṣe ọ̀kan. Alága lè fẹ́ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mọṣẹ́, akọ̀wé lè máa ro ohun tí yóò kọ sínú ìwé tí yóò fi wáṣẹ́, akápò lè máa wo owó ìrànwọ́ tí yóò wọlé, kí gbogbo wọn sì fọwọ́ sí ètò kan náà. Àníyàn ta ni yóò jẹ́ ti ìgbìmọ̀? Ó dà bíi pé inú àkọsílẹ̀ ìpàdé ló yẹ kí a wá a sí, níbi tí wọ́n ti sọ ìdí tí wọ́n fi fẹ́ ná owó. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn yóò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Múṣin nítorí pé àwọn ọmọ ibẹ̀ kò fọwọ́ ara wọn so wáyà mọ́ bátìrì rí, àníyàn kan nìyẹn. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ó ku ètò kan kí iye tí àwọn ń wá pé, òmíràn nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gílóòbù tí àwọn ọmọ náà bá so yóò tàn lọ́nà méjèèjì.

Ẹnìkan lè ní bí gílóòbù bá ti tàn, ó parí. Ṣùgbọ́n Bọ́lájí Ìdòwú, onímọ̀ ẹ̀sìn, nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè tó jáde ní 1962, fi hàn pé ìwà ni Olódùmarè ń béèrè lọ́wọ́ ènìyàn, ìwà kì í sì í pẹ́ kó tó hàn nínú nǹkan kéékèèké. Níbi tí ẹ̀rí bá ti ṣáájú iṣẹ́, ayàwòrán a rọra fún kámẹ́rà mọ́ ìlà àga méjì tó wà níwájú, kí àwọn àga tó ṣófo lẹ́yìn má bàa hàn. Orúkọ mẹ́wàá tó kẹ́yìn nínú ìwé àwọn tó wá a jẹ́ ti gègé kan náà, ọwọ́ kan náà. Bí wọ́n bá sì ti ya fọ́tò bánà tán, ẹ̀kọ́ a kásẹ̀ nílẹ̀. Fọ́tò náà kò purọ́ pátápátá, ìdí nìyẹn tó fi ṣòro láti bá a wí.

Síbẹ̀, àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá. Owó ọmọ ẹgbẹ́ ni ìgbìmọ̀ ń ná, amánà sì ni, ìyẹn ohun tí wọ́n fi síni lọ́wọ́ tí a óò jíhìn rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó bá ka ìlànà ìdíje ní ìpàdé àkọ́kọ́ kò dọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́, nítorí pé nínú irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà iṣẹ́ náà máa ń kọ ohun tí wọ́n kà sí iṣẹ́ gidi sí. Bí akọ̀wé bá ń kọ ìròyìn ètò kọ̀ọ̀kan kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, tó sì kọ mọ́kànlá nígbà tó jẹ́ pé èèyàn mọ́kànlá ló wá, ìmúrasílẹ̀ fún àmì-ẹ̀yẹ àti ìjíhìn ti di iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó dúró di oṣù tó kẹ́yìn, tó wá ń tọrọ fọ́tò kiri lórí WhatsApp, kò lè sọ bẹ́ẹ̀.

Àbájáde irú ìdíje yìí sì lè má dé títí ìgbìmọ̀ tó ṣiṣẹ́ yóò fi gbé ipò sílẹ̀, tí yóò fi jẹ́ pé ọwọ́ àwọn tí kò ṣe é ni àmì-ẹ̀yẹ yóò wà nínú fọ́tò. Ohun tó kù láti béèrè nígbà náà ni ohun tí wọ́n fi lé àwọn arọ́pò náà lọ́wọ́: bóyá ìwé owó wà níbẹ̀, bóyá nọ́ńbà olùkọ́ tó gbà wọ́n lálejò ní Múṣin wà níbẹ̀, àti bóyá ẹnikẹ́ni ti ṣèlérí fún àwọn ọmọ náà pé wọn yóò padà wá.