Ta Ló Ni Hóńdà Bàbá?

Bí a bá ń pààrọ̀ ara nǹkan kan díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo ẹ̀ fi di tuntun, ṣé nǹkan ọ̀hún náà ni, àbí ó ti di òmíràn? Àwọn tó ń ka Filọ́sọ́fì láàárín wa máa ń fi ìbéèrè yìí ṣeré. Wọ́n á jiyàn, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á lọ jẹun. Ṣùgbọ́n mo mọ ilé kan ní Àjàṣẹ́-Ìpo tí ìbéèrè yìí ti fẹ́ sọ ọmọ ìyá méjì di ọ̀tá ara wọn, torí owó wà nídìí ẹ̀.

Alùpùpù ni, Honda CD 175. Tíṣà ni bàbá wọn, owó Údọ́jì ló sì fi rà á ní 1975. Ẹ bi àwọn àgbà ilé yín, wọ́n á sọ fún yín: ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji jẹ́ alága ẹ̀ ló dábàá ní 1974 pé kí ìjọba fowó kún owó oṣù òṣìṣẹ́, nígbà tí wọ́n sì máa san án, wọ́n san ti ẹ̀yìn pọ̀ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò ra rédíò ra máṣíìnì. Nígbà tó yá, bàbá kú, máṣíìnì wà lẹ́yìnkùlé, ewúrẹ́ ń sùn lábẹ́ ẹ̀, eku sì jẹ wáyà ẹ̀ tán.

Àbúrò, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi, ló gbé e wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbogbo họ́lídé ọdún méjì ló fi tún un ṣe. Èmi náà bá a mú tọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ mélòó kan. Pístìnì ti gan mọ́ inú sílíńdà. Ó da dísẹ́ẹ̀lì sí i, ó fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kó tó mira. Inú táńkì ti dípẹtà. Ó kó òkúta wẹ́wẹ́ àti omi ọṣẹ sí i, ó ń mì í jìgìjìgì títí omi pupa fi tán. Epo tó wà nínú kabúrétọ̀ ti dì bí oje igi. Èyí tó wá le jù ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tó kún títì lónìí, sílíńdà kan ni wọ́n ní. Méjì ni tiwọn yìí ní, bátìrì ẹ̀ sì jẹ́ ti fóòtì 6, nítorí náà ohun tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kò bá a mu. Èyí tó bá rí ní Ìlọrin, tòkunbọ̀ ni. Èyí tí kò bá rí, wẹ́dà ló ń bá a wá ọgbọ́n dá sí i.

Nígbà tí iṣẹ́ fi máa parí, pístìnì, ríǹgì, wáyà, àga, ṣéènì, rìmù iwájú, sílẹ́ńsà, kò sí ọ̀kan tó jẹ́ èyí tí bàbá rà. Férémù àti táńkì ló kù, pẹ̀lú ìdajì ẹ́ńjìnnì.

Lọ́jọ́ tó dún, gbogbo àdúgbò ló jáde. Kò pé oṣù kan, ẹnìkan wá láti Èkó pé òun máa ń ra máṣíìnì àtijọ́, ó sì dárúkọ owó gidi. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ogún bàbá ni, gbogbo wa la máa pín in." Àbúrò ní, "Bọ̀dá, ẹ má bínú, èwo ni ti bàbá níbẹ̀? Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n tà á fún àwọn onírin kọ̀ǹdẹ́mù."

Plutarch ti kọ nípa irú ẹ̀ tipẹ́. Àwọn ará Athens ń tọ́jú ọkọ̀ ojú omi Theseus, wọ́n ń pààrọ̀ pákó tó bá jẹrà, títí àwọn amòye fi pín sí méjì lórí ẹ̀. Ní 1655, Hobbes, ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, tún ta ata sí i: bí ẹnìkan bá ń ṣa àwọn pákó àtijọ́ yẹn pamọ́, tó wá fi wọ́n kan ọkọ̀ mìíràn, èwo ni ti Theseus? Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Àpò kan wà lẹ́yìn ilé yẹn tí gbogbo irin tí wọ́n tú kúrò wà nínú ẹ̀, àbúrò ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni dà á nù. Bó bá dá a lójú pé máṣíìnì ti kúrò ní ti bàbá, kí ló ń fi irin wọ̀nyẹn ṣe?

Àmọ́ ká tó sáré lọ sí Gíríìsì, ẹ jẹ́ ká wo ilé. Ẹ wo egúngún ilé nílẹ̀ Ìgbómìnà wa níbí. Lọ́dún dé ọdún, aṣọ tuntun là ń lẹ̀ mọ́ ti àtijọ́. Ó lè má ku òwú kan nínú èyí tí baba ńlá kọ́kọ́ dá, síbẹ̀ a kì í pè é ní egúngún tuntun, ẹni tó sì náwó jù sí aṣọ ẹ̀ kò lè gbé e lọ sílé ara ẹ̀ pé tòun ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé ẹbí. Ẹni tó pààrọ̀ páànù kò tíì sọ ilé di tara ẹ̀. Àṣà wa nìyẹn, kóòtù náà sì mọ̀ ọ́n. Bí a ṣe máa pín ogún la máa ń jà lé, ìdí-igi tàbí orí-ò-jorí, èyí tí ẹjọ́ Dawodu àti Danmole gbé dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962. (Ìyàwó kan ṣoṣo ni bàbá yìí fẹ́, ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run.)

Nítorí náà mo gbè sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n mi ò bá a dé òpin. Ilé tó wó ṣì ní ilẹ̀ lábẹ́, ilẹ̀ sì lówó lórí. Máṣíìnì tí ewúrẹ́ ń sùn sí lábẹ́, owó irin kọ̀ǹdẹ́mù nìkan ló lè mú wá. Ará Èkó yẹn ò sì ní ra páátì tuntun lásán, nọ́ńbà ara férémù bàbá ló ń wá. Ohun tó tọ́ lójú tèmi ni kí wọ́n kọ́kọ́ yọ owó tí àbúrò ná, kí wọ́n yọ owó iṣẹ́ ẹ̀, kí wọ́n tó pín ìyókù. Àbúrò wá bi mí pé èló ni họ́lídé ọdún méjì. Mi ò rí èsì fún un.

Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ò dá sí ọ̀rọ̀ owó. Táńkì ló ń wò. Ibì kan tẹ̀ wọnú níbẹ̀ lápá òsì: bàbá gbé e sẹ́yìn lọ́nà Òmù-Àrán nígbà tó wà ní kékeré, wọ́n sì jọ ṣubú. Ẹni tó fẹ́ kùn ún ní òun máa fi pọ́tì dí i kó lè dán. Àǹtí ní kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Èyí mú mi rántí Èsìẹ́. Ère òkúta tó lé ní 1,000 ló wà ní mùsíọ́ọ̀mù tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1945, àkọ́kọ́ irú ẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti fọ́, ọrùn kán, imú já. Bí ẹnìkan bá lọ gbẹ́ imú tuntun fún wọn, gbogbo Ìgbómìnà ló máa fi í ré. Ṣé a wá lè sọ pé kò yẹ kí àbúrò fọwọ́ kan Hóńdà náà rárá? Rárá o. Ère jókòó ni, kò lọ ibì kankan rí. Máṣíìnì, gígùn ni bàbá ń gùn ún. Ẹni tó fi pístìnì sílẹ̀ kó gan nítorí pé ó ń bọ̀wọ̀ fún bàbá, ó ti gbàgbé ohun tí bàbá fi í ṣe. Ohun tó ń mú un rìn, kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ bó ti wù wọ́n. Ibi tó tẹ̀ yẹn ò mú un rìn, kò sì dá a dúró.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ará Èkó yẹn tún pè. Ó ní bí wọn ò bá ní dí ibi tó tẹ̀ yẹn, òun máa dín owó òun kù. Àǹtí ní kó dín in. Ẹ̀gbọ́n ò tíì sọ nǹkan kan.