Ta ni Ó Pàdánù? Ẹ̀tọ́ àti Ojúṣe Alátìlẹ́yìn Lẹ́yìn Ìjákulẹ̀

Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ kékeré méjì wà tí ó ń fi ọkàn alátìlẹ́yìn bọ́ọ̀lù hàn ju gbogbo ariwo tí ó ń pa lọ. Ọ̀kan ni “a,” èkejì ni “wọ́n.” Bí ikọ̀ orílẹ̀-èdè bá borí, ohun tí a óò gbọ́ ní Kétu, ní Ṣábẹ àti ní Àjàṣẹ́ ni pé, “A nà wọ́n.” Bí ikọ̀ kan náà bá fìdí rẹmi, ohùn a yí padà: “Wọ́n ti ba tiwa jẹ́.” Ẹni tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú wa lánàá ti di ará ìta lónìí. Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nìyí: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn pín nínú ayọ̀ ìṣẹ́gun, kí ó sì kọ̀ láti pín nínú ìtìjú ìjákulẹ̀? Bí ó bá sì gbà láti pín nínú rẹ̀, irú ọ̀rọ̀ wo ni ó yẹ kí ó ti ẹnu rẹ̀ jáde?

Ẹ jẹ́ kí á fi ohun tí ojú gbogbo wa rí ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ikọ̀ Benin, àwọn Guépards, lọ bá Nàìjíríà ní Uyo. Àwọn ni wọ́n wà ní ipò kìíní nínú ìsọ̀rí wọn pẹ̀lú àmì 17. Bí wọ́n bá borí lọ́jọ́ náà, Benin ìbá lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n eré kò tíì gbóná tí Victor Osimhen fi jẹ góòlù kìíní. Mẹ́ta ni òun nìkan jẹ, Frank Onyeka sì jẹ ìkẹrin. 4 sí 0. Lọ́jọ́ kan náà, Gúúsù Áfíríkà borí Ruwáńdà, ó sì gba ipò kìíní pẹ̀lú àmì 18. Nàìjíríà àti Benin jọ ní àmì 17, ṣùgbọ́n ìṣirò góòlù ti Benin sí ipò kẹta, níbi tí kò ti sí ohun tí a lè retí mọ́.

Lẹ́yìn irú eré bẹ́ẹ̀, oríṣi ohùn mẹ́ta ni ó máa ń gba àárín ìlú. Ohùn kìíní ni ti ìbínú: kí a lé olùkọ́ni lọ, kí a lé lágbájá àti tàmẹ̀dò lọ, wọn kò yẹ ní ẹni tí ń wọ aṣọ orílẹ̀-èdè. Ohùn kejì ni ti ìtùnú: wọ́n ti gbìyànjú, kádàrá ni, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ̀rọ̀. Ẹni kẹta kò sọ ohunkóhun. Ó kàn pa tẹlifíṣọ̀n, ó ní bọ́ọ̀lù kò kan òun mọ́. Òun ni àwọn àgbà ń bá wí nígbà tí wọ́n ní, ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́, àńjọ̀fẹ́ kú, a kò rí ẹnìkan. Ẹni tí a rí níbi àsè tí a kò rí níbi òkú kì í ṣe ẹbí. Ẹ jẹ́ kí á fi í sílẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ àwọn méjì ìṣáájú ni ó le.

Olóhùn ìbínú ní ẹjọ́ tí ó ṣeé gbọ́. Ó ní àwọn agbábọ́ọ̀lù ń jẹ́ orúkọ òun, wọ́n ń gbé àsíá òun, nítorí náà òun ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n fi orúkọ náà ṣe. Òótọ́ ni. Ẹni tí ìdílé rán níṣẹ́ kò lè ní kí ìdílé má bi òun léèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ṣe ìdájọ́ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó ń wọ̀n, kí òṣùwọ̀n rẹ̀ má sì yí padà láti ọjọ́ kan dé èkejì.

Ẹ wo ọdún 2019 ní Íjíbítì, níbi Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. Benin bá Gánà ta ọ̀mì, 2 sí 2. Ó bá Guinea-Bissau àti Kamẹrúùnù ta ọ̀mì láìsí góòlù. Ó bá Mòrókò ta ọ̀mì, 1 sí 1, kí ó tó fi pẹnáritì borí. Lẹ́yìn náà ni Sẹ̀nẹ̀gàl fi góòlù kan ṣoṣo lé e kúrò nígbà tí ó ku ikọ̀ mẹ́jọ. Kò sí eré kan tí ó borí láàárín ìṣẹ́jú 90, síbẹ̀ a jó, a yọ̀, a pè wọ́n ní akọni. Nínú ìdíje fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2026, ikọ̀ wa gbá eré 10: ó borí nínú 5, ó ta ọ̀mì nínú 2, ó pàdánù 3. Kí ó tó dé Uyo, góòlù 7 péré ni a ti jẹ sí i láwọ̀n nínú eré 9. Èwo nínú méjèèjì ni ó ṣiṣẹ́ jù? Bí a bá yin ti ìṣáájú, tí a sì bú ti ìkẹyìn, kì í ṣe iṣẹ́ ni a ń wọ̀n. Adùn tàbí ìkorò tí ó kù sí wa lẹ́nu ni.

Ẹnìkan lè dáhùn pé ìrètí wa kéré ní 2019, ó sì ga ní 2025, àti pé ìrètí tí ó já ni ó ń fa ìbínú. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó gbé ìrètí náà wọ inú ọkàn wa? Àwọn agbábọ́ọ̀lù kan náà ni, pẹ̀lú iṣẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Kì í ṣe ìwà ọmọlúàbí láti fi ẹ̀bùn tí ènìyàn fún wa nà án.

Ìyàtọ̀ ńlá sì wà láàárín ìbáwí àti èébú. Ìbáwí a máa tọ́ka sí ohun tí ènìyàn ṣe; èébú a máa wá ẹni tí ó jẹ́: ìyá tí ó bí i, ibi tí a ti bí i, ìlú tí baba rẹ̀ ti wá. Ẹni tí a bá wí lè tún ìṣe rẹ̀ ṣe. Ẹni tí a bú kò lè tún ara rẹ̀ bí. Ilẹ̀ Faransé ni a ti bí àwọn kan nínú agbábọ́ọ̀lù wa. Bí wọ́n bá jẹ góòlù, a ní ọmọ wa ni. Bí wọ́n bá ṣe àṣìṣe, a ní àlejò ni. Àwọn baba wa ní, bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ méjèèjì ni òwe náà béèrè.

Nítorí náà ni òwe kan náà fi tako olóhùn ìtùnú, ẹni tí kò fẹ́ lo ọwọ́ òsì rárá. Bí a bá ní kádàrá ni 4 sí 0, a gbọ́dọ̀ gbà pé kádàrá náà ni 2 sí 1 tí a fi borí Nàìjíríà ní Abidjan ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2024. A jẹ́ pé kò sí ọpẹ́ kankan fún Jodel Dossou àti Steve Mounié tí wọ́n jẹ góòlù wa nìyẹn. A kò sì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a lè yìn nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni a lè bi léèrè nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Bí a bá sọ fún àgbàlagbà pé kò sí ohun tí ó lè ṣe, a ti sọ ọ́ di ọmọdé. Orúkọ pẹ̀lú kò lè bá wa ṣe iṣẹ́ náà. Ní ọdún 2022, a yí orúkọ ikọ̀ padà kúrò ní Écureuils, ẹranko kékeré tí à ń pè ní ọ̀kẹ́rẹ́, a fi orúkọ ẹranko tí eré sísá rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́ rọ́pò rẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ náà ni ó kúkú lé Mòrókò lọ ní 2019.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá ìhà ìhín gidigidi. Àdéhùn tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1889 fa ààlà la ilẹ̀ Kétu kọjá: Ìmẹ̀kọ àti Ìlárá bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Kétu fúnra rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Ẹ̀gbọ́n wà lọ́hùn-ún, àbúrò wà níhìn-ín. Bí Nàìjíríà bá nà wá, ẹlòmíràn lè wo ẹni tí ń sọ Yorùbá ní Kútọnu, kí ó sì bi í pé, “Ẹ̀yin, ẹ̀yìn ta ni ẹ wà?” Ìbéèrè náà a máa dunni. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ni à ń ṣe sí ọmọ tí a bí ní Faransé nígbà tí a bá pè é ní àlejò. Ẹni tí kò fẹ́ kí a fi èdè àti ìran òun wọn ìfẹ́ tí òun ní sí ìlú kò gbọdọ̀ fi irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ wọn ọmọ ẹlòmíràn.

Àwọn ará wa lọ́hùn-ún kò sì sàn jù wá lọ. Lẹ́yìn tí a nà wọ́n ní Abidjan, ìbínú ru sókè. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí olùkọ́ni wọn, Finidi George, fi kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn Uyo, wọ́n jó. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, Kóńgò Kinshasa fi pẹnáritì lé wọn kúrò lọ́nà Ife Ẹ̀yẹ kan náà ní Rabat. Ẹni tí ó fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ní oṣù kẹwàá ń wá olùtùnú ní oṣù kọkànlá. Bí a bá ń jà, bí í ká kú kọ́.

Kí ni ó wá yẹ kí á ṣe? Èkíní, kí á jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kí á tó sọ̀rọ̀. Èkejì, kí á gbé ìbéèrè lọ sí ẹnu ọ̀nà ẹni tí ó ni ín. Kí á bi agbábọ́ọ̀lù nípa ẹsẹ̀ rẹ̀, kí á bi olùkọ́ni nípa ètò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pápá, tí ó mú kí á gba Nàìjíríà lálejò ní Abidjan dípò Kútọnu, àwọn aláṣẹ ni ó kàn. Ó rọrùn láti bú ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣi bọ́ọ̀lù gbá ju kí á bi aláṣẹ léèrè lọ. Ẹ̀kẹta, kí á di ọ̀rọ̀ kékeré nì mú, kí á sọ pé, “A pàdánù.” Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti fi ara rẹ̀ sínú ẹjọ́ náà. Yóò béèrè ohun tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣe, yóò sì béèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe: pápá àdúgbò tí ó di ilé ìtajà lójú rẹ̀, ọmọ tí ó lé kúrò nídìí bọ́ọ̀lù, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú rẹ̀ tí kò lọ wò rí. Ìbáwí tí ó bá ti irú ẹnu bẹ́ẹ̀ jáde lè wúwo, ṣùgbọ́n ẹni tí a ń bá wí yóò gbọ́ ọ, nítorí yóò mọ̀ pé ará ilé ni ó ń sọ̀rọ̀.