Ọ̀rọ̀ Ilé, Ọ̀rọ̀ Ìta

Ọ̀pọ̀ wa tá a wà lókè òkun la máa ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń bá wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Inú fáìlì lásán ni tèmi wà, ọ̀rọ̀ nìkan, ní ìlànà Markdown tí John Gruber gbé jáde lọ́dún 2004. Hugo ló ń sọ wọ́n di ìkànnì. Màá kàn kọ hugo, màá tẹ Enter, á sì sọ gbogbo fáìlì inú fódà náà di ojú ewé kíá. Kò sí dátábéèsì tí mo gbọ́dọ̀ máa tọ́jú. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an ni.

Ṣùgbọ́n Hugo ò mọ ọ̀rọ̀ ilé yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ìta. Ìlà kan ṣoṣo lókè fáìlì ló yà wọ́n sọ́tọ̀: draft: true. Tó bá wà níbẹ̀, ojú ewé yẹn ò ní jáde. Tí mo bá yọ ọ́, ó di ti gbogbo ayé. Ẹ má sì jẹ́ kí ìlà yẹn tàn yín o: tí fáìlì yín bá wà lórí GitHub ní gbangba, ẹnikẹ́ni lè kà á níbẹ̀, kódà èyí tẹ́ ẹ ti pa rẹ́ ṣì wà nínú ìtàn tí Git ń tọ́jú.

Ta wá ló láṣẹ láti yọ ìlà yẹn? Àwọn kan á ní ẹni tó kọ ọ́ ni. Mi ò gbà. Nọ́ọ̀sì ni mí. Aláìsàn tó na apá kí n gba ẹ̀jẹ̀ ò sọ pé kí n ya fọ́tò òun. Ohun kan ló gbà, kì í ṣe méjì. Ọ̀rọ̀ tí màmá mi rẹ ohùn sílẹ̀ kí wọ́n tó sọ fún mi, èmi ni wọ́n sọ ọ́ fún, kì í ṣe ẹni tí mi ò mọ̀ rí ní Toronto.

Ẹlòmíì á ní, tá a bá pa gbogbo ẹ̀ mọ́, kí làwọn ọmọ tá a bí síbí máa rí kà? Òótọ́ ni, ó sì ń dùn mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń pe màmá lọ́jọ́ Sọ́ńdè, tí màá ka ojú ewé náà sí wọn létí kí n tó fọwọ́ kan ìlà yẹn. Nígbà míì wọ́n á ní, “Yọ orúkọ bàbá yẹn, àwọn ọmọ ẹ̀ ṣì wà láyé.” Màá yọ ọ́. Nígbà míì wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún fi òmíràn kún un.

Ti ìyá àgbà ló le. Wọ́n ti lọ, mi ò lè kà á sí wọn létí. Màmá ní kí n gbé e jáde, pé ìyá àwọn ni. Àbúrò wọn ọkùnrin ní rárá, pé ẹni tó lẹ́nu ọ̀rọ̀ ò sí mọ́. Fáìlì mọ́kànlá ni. Draft: true ṣì wà lókè gbogbo wọn.